Ta ló mọ̀ nípa fífi ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jó irin fẹ́lẹ́ inú géèjì pọ̀?

Atúngéèjì_Lágeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ àtúnṣe géèjì ni mò ń ṣe ní Lágeré, Ilé-Ifẹ̀ níbí: géèjì bọ́ílà, ti kọ̀ńpírẹ́sọ̀, àti ẹ̀rọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, irú èyí tó ní aago lórí. Láti ìgbà tí àdéhùn àgbáyé Minamata lórí mẹ́kúrì ti fi ọdún 2020 ṣe òpin fún ṣíṣe èyí tó ń lo mẹ́kúrì, èyí tó ní aago ni wọ́n ń gbé wá bá mi jù.

Kápúsù ló máa ń dà mí láàmú jù nínú rẹ̀. Awẹ́ irin fẹ́lẹ́ méjì ni, tí a tẹ òrùka òrùka sí lára, tí a wá so etí wọn pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀, á wú díẹ̀, wíwú yẹn ló ń yí ọwọ́ aago. Bí etí tí a so pọ̀ bá ti ń jò, kò sí ohun tí skuru díráfà lè ṣe sí i.

Mo fẹ́ máa ṣe kápúsù tuntun fúnra mi. Mo rí síténléèsì 316L tó nípọn 0.1 mìlímítà rà, tọ́nà kan ní Iléṣà sì bá mi gbẹ́ mọ́ọ̀dì tí mo fi ń tẹ òrùka sí i. Jíjó o pọ̀ ni wàhálà. Oní-ágọ́ọ̀nù (wẹ́dà tó ń fi gáàsì ágọ́ọ̀nù bo iná rẹ̀) tó mọ iṣẹ́ jù ní àdúgbò wa rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ dé ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè dé, síbẹ̀ ńṣe ni etí irin náà ń sá sẹ́yìn, tó ń lu.

Mo wá kà pé àwọn tó ń ṣe géèjì inú ọkọ̀ òfuurufú máa ń fi ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jó irú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a lè rí i ṣe lágbègbè wa? Ilé ẹ̀kọ́ kan tún gbé bàròmítà, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́, wá tí kápúsù rẹ̀ ti kú, mo sì ń rò ó pé bí mo bá rí ọ̀nà sí ọ̀kan, mo rí ọ̀nà sí èkejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Wẹ́dà_Iléṣà

Ọ̀gá mi, ẹ kú ìsapá. Mo máa ń jó síténléèsì fẹ́lẹ́ dáadáa, ti ẹ́gísọ́ọ̀sì àti ti ìkòkò ìdáná. Ọwọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ ní kí wẹ́dà yín pọ́n ṣóńṣó tọ́ńsítìnì rẹ̀ dáadáa, kó lo èyí tó jẹ́ mìlímítà 1, kó fi iná sí pọ́ọ̀sì (kó máa tàn, kó máa rẹlẹ̀), kó sì di bàbà mọ́ ẹ̀yìn irin kí bàbà lè fa ooru kúrò. Kò ní lu.

Ará_Jámánì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Iléṣà ni mí. Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yìí jó kápúsù ni mo ti ṣiṣẹ́. Àbúrò mi ní Lágeré, òótọ́ ni ohun tí ẹ kà.

Lórí ọ̀rọ̀ bàbà, mo gbà pẹ̀lú Wẹ́dà_Iléṣà pátápátá, ó sì máa wúlò fún ohunkóhun tí ẹ bá padà yàn. Ṣùgbọ́n irin ẹ́gísọ́ọ̀sì máa ń tó mìlímítà 1 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. 0.1 kò jọ ọ́ rárá. Iná ágọ́ọ̀nù máa ń fẹ̀ ju ibi tí a fẹ́ kó jó lọ, irin fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì ní ara tó máa gba ooru tó ṣẹ́kù. Kí ọwọ́ tó balẹ̀, irin ti yọ́ lọ.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Fílámẹ́ǹtì tọ́ńsítìnì kan wà lókè rẹ̀. Bó bá gbóná gan-an, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn wínníwínní tó ń gbé iná, á máa bọ́ lára rẹ̀. Iná tó wà láàárín 60,000 sí 150,000 fóòtì á wá fà wọ́n wálẹ̀. Ní 100,000 fóòtì, eré wọn ti ju ìdajì eré ìmọ́lẹ̀ lọ. Kọ́ìlì òòfà kan á kó wọn jọ sí ojú kan ṣoṣo tó lè kéré tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, kọ́ìlì mìíràn á máa darí wọn. Bí wọ́n bá ti lu irin, gbogbo eré yẹn á di ooru lójú kan náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò sì ní tíì mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Karl-Heinz Steigerwald ló ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ tó kọ́kọ́ wúlò fún iṣẹ́ wẹ́dà ní Jámánì ní 1958. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni Stohr ń ṣe tirẹ̀ ní Faransé fún irin tí wọ́n ń lò nínú iṣẹ́ átọ́míìkì.

Ẹ má rò pé iná tó pọ̀ ni irin fẹ́lẹ́ ń fẹ́ o. 60,000 fóòtì pẹ̀lú mìlíámpù 1 jẹ́ wáàtì 60 péré, iye tí gílóòbù àtijọ́ kan ń jẹ. Pé gbogbo rẹ̀ dúró sí ojú kan ni agbára rẹ̀.

Nínú fákúùmù, ibi tí a ti fa afẹ́fẹ́ jáde, ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wà lọ́nà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa forí sọ ọ́, á fọ́n ká kó tó débi irin.

Ìmúrasílẹ̀ ló wá ń gba àkókò ju jíjó lọ. A máa ń fi òrùka bàbà nípọn méjì há awẹ́ méjèèjì láàárín, kí etí wọn yọ síta díẹ̀, etí yẹn ni ìtànṣán máa yọ́ pọ̀. Àlàfo tó bá wà láàárín wọn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá nínípọn irin lọ. Fún irin yín, 0.01 mìlímítà nìyẹn. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, awẹ́ kọ̀ọ̀kan á yọ́ padà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, wọn ò ní pàdé. A máa ń fi ásítóònù nù ún, a ò sì ní fi ìka kàn án mọ́, torí òróró ara á di gáàsì nínú fákúùmù, á fi ihò wínníwínní sójú ìsopọ̀. Bí òòfà bá wà lára irin tàbí lára jíìgì (ohun tó ń há a mú), ìtànṣán á yà kúrò lójú ọ̀nà, nítorí náà a máa ń pa òòfà ara wọn kó tó wọlé. Nígbà tí ìtànṣán bá yí òbìrípo dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ díẹ̀, kí iná rẹ̀ wá máa rọra lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá pa á lójijì, kòtò kékeré kan á ṣẹ́kù, ibẹ̀ ló sì máa ń jò.

316L tí ẹ rà dára fún jíjó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi síténléèsì 303 ṣe ìdí kápúsù fún yín o. Wọ́n fi sọ́fọ̀ sí i kó lè rọrùn fún léètì, sọ́fọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ sán. Idẹ náà kò ṣeé lò: síńkì inú rẹ̀ ń hó ní 907°C nígbà tí bàbà kò tíì yọ́ títí di 1085°C. Nínú fákúùmù, ó tún máa ń yára hó ju bẹ́ẹ̀ lọ, á sì ba gbogbo inú ẹ̀rọ jẹ́.

Tẹlifíṣọ̀n_Ìrémọ

Ẹ̀gbọ́n Ará_Jámánì, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn wà nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ẹlẹ́yìn gbọọrọ. Ìbọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà lọ́rùn rẹ̀, kọ́ìlì tó ń darí rẹ̀ wà níbẹ̀, fíláíbaàkì rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń gbé iná ga) ń gbé nǹkan bí 25,000 fóòtì. Wọ́n pọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa tí kò sẹ́ni tó ń rà á. Ṣé a ò lè gé iwájú rẹ̀, ká gbé e lé orí ìkòkò irin, ká fi pọ́ńpù fíríìjì fa afẹ́fẹ́ rẹ̀? Mo fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú Atúngéèjì bó bá fẹ́.

Ìyá_Láàbù

Ọmọ mi ní Ìrémọ, jọ̀wọ́, má ṣe é. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́, ìrònú rẹ náà kò sì jìnnà sí òótọ́, torí ìlànà kan náà ni. Ṣùgbọ́n fákúùmù ni iṣẹ́ mi láti ìgbà tí mo ti wà ní láàbù, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí.

Ọ̀dà kan tí wọ́n fi ohun èlò báríọ́mù ṣe ni wọ́n kùn sórí kátóòdù tẹlifíṣọ̀n, ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń jáde. Ìṣẹ́jú tí o bá gé dígí yẹn tí afẹ́fẹ́ wọlé, ó ti kú, kò ní tu ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yẹ mọ́. Pọ́ńpù fíríìjì kò tilẹ̀ sún mọ́ ibi tí a ń lọ. Nínú ìbọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá èyí tó wà níta. Ó gba pọ́ńpù méjì tó tẹ̀ léra wọn, ìkíní fún fífa èyí tó pọ̀, ìkejì fún fífa ìyókù. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí kò sì sí fáàfù tó ń pa ara rẹ̀ dé, òróró pọ́ńpù á fà padà sínú ẹ̀rọ, fífọ̀ rẹ̀ á gba ọjọ́ púpọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń lọ níbí.

Ẹ́kísírè ló burú jù. Níbikíbi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré bẹ́ẹ̀ bá ti lu irin, ẹ́kísírè ń jáde. Dígí tẹlifíṣọ̀n ní ohun tó ń dí i nínú, òjé wà nínú dígí ẹ̀yìn rẹ̀. O wá fẹ́ gé dígí yẹn kúrò, kí o fi irin síwájú rẹ̀, kí o sì tẹjú mọ́ ọn láti wo bó ṣe ń jó! Kò ní gbóná lára rẹ, kò ní rùn, o ò ní mọ̀ pé ó ń bà ọ́ lára jẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tòótọ́ ní irin nípọn àti òjé yíká, fèrèsé wọn pàápàá jẹ́ dígí olójé. Iná tó ti há sínú dígí ńlá yẹn tún lè gbá èèyàn lẹ́yìn tí o bá ti yọ wáyà lára ògiri.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ káàsán mà. Ṣebí ẹ̀rọ Pelletron kan wà ní Centre for Energy Research and Development ní OAU, tó ń lo 1.7 mílíọ̀nù fóòtì? Bí 100,000 bá lè jó irin, ṣé èyí ò ní ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìyá_Láàbù

Ọmọ mi, ìbéèrè dáadáa ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó ní iná lára) ni Pelletron yẹn ń yìn, bíi pírótọ́ọ̀nù àti hílíọ̀mù, wọ́n sì ń fi wò ohun tó wà nínú nǹkan: iyẹ̀pẹ̀, eruku afẹ́fẹ́, àpáta, irin. Iye tó ń jáde nínú rẹ̀ kéré gan-an, torí wọn ò fẹ́ kí ohun tí wọ́n ń wò yọ́. Fóòtì nìkan kọ́ ló ń jó irin, a máa ń fi ámpù sọ ọ́ di ìlọ́po ni. Ẹ má lọ bá wọn pé kí wọ́n bá yín jó kápúsù. Bí o bá fẹ́ kọ́ bí fákúùmù ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sí ibi tó dára tó irú ibẹ̀.

Atúngéèjì, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí. O so kápúsù ẹ̀rọ ìfúnpá àti ti bàròmítà pọ̀, bí ẹni pé ọ̀nà kan ló máa yanjú méjèèjì. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Inú kápúsù ẹ̀rọ ìfúnpá ṣí sí rọ́bà tó wà ní apá aláìsàn. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, afẹ́fẹ́ ìta ló sì fi ń díwọ̀n ara rẹ̀. Bó bá jò wínníwínní, tí kò hàn láàárín ìṣẹ́jú tí nọ́ọ̀sì fi ń ka ẹ̀jẹ̀, kò ba nǹkan jẹ́. Ti bàròmítà yàtọ̀: wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì dí i pa títí láé. Irú èyí tí Lucien Vidie ṣe ní Faransé ní 1844 ni. Òfìfo inú rẹ̀ ló fi ń díwọ̀n, bí òfìfo yẹn bá sì ń kún, bàròmítà á máa parọ́ lójoojúmọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kí inú kápúsù gba mìlílítà 2. Kó máa jò ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù mbar·lítà láàárín sẹ́kọ́ńdù kan (mbar ni a fi ń wọn ìfúnpá). Tí o bá rì í sínú omi, o ò ní rí èéfófó kankan. Síbẹ̀, ìfúnpá inú rẹ̀ á máa ga sí i ní nǹkan bí mbar 43 lójúmọ́! Tí jíjò náà bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan, ó ṣì tó mbar 16 lọ́dún. Bẹ́ẹ̀ gíga Ilé-Ifẹ̀, tó tó nǹkan bí mítà 280 sí òkun, kò mú ju mbar 30 àti díẹ̀ lọ kúrò nínú ìfúnpá afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń fi hílíọ̀mù wá ibi tó ń jò fi pọn dandan fún irú èyí.

Ibẹ̀ ni ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti wúlò gan-an. Inú fákúùmù ló ti ń jó, nítorí náà bó ṣe ń so etí kápúsù pọ̀, ó ti dí òfìfo mọ́ inú rẹ̀. Fún ẹ̀rọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ẹ ò nílò rẹ̀.

Ará_Jámánì

Ìyá mi, ẹ ṣeun, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lẹ fọwọ́ bà. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo fún bàròmítà náà. A lè fi lésà jó o nínú ágọ́ọ̀nù, ká fi páìpù bàbà tín-ín-rín sí ìdí rẹ̀, ká fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀, ká wá fi irin ẹlẹ́nu dídán fún páìpù náà pa títí bàbà fi máa lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ohun èlò ni wọ́n ń dí bẹ́ẹ̀. Àǹfààní ìtànṣán ni pé kò sí páìpù, kápúsù sì fúyẹ́.

Alágbẹ̀dẹ_Wúrà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Mo ní ẹ̀rọ lésà níbí ní Iléṣà tí a fi ń tún ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka ṣe. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń wá ní pọ́ọ̀sì pọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ lè kéré tó 0.2 mìlímítà, maikirosíkóòpù wà lórí rẹ̀ tí mo fi ń wò ó, ágọ́ọ̀nù sì ń fẹ́ sí i. Mo ti fi jó síténléèsì fẹ́lẹ́ rí fún oníṣẹ́ kan. Mo máa ń jẹ́ kí pọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan gun orí èyí tó ṣáájú ju ìlàjì lọ dáadáa, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló tẹ́ mi lọ́rùn. Bí àlàfo bá wà láàárín irin méjèèjì, kò ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ 0.01 tí Ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún lésà.

Ẹ má ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní lésà aláfọwọ́mú tuntun tí wọ́n fi ń jó géètì. Ti wọn ń tó 1,000 wáàtì sókè, iná rẹ̀ kì í sì í dúró. Á gé irin yín sí méjì ni.

Oníbátìrì_Sábó

Ó tún ní ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ. Àwa tí a ń to bátìrì ínfátà ní ẹ̀rọ tó ń fi kàpásítọ̀ lẹ irin níkẹ́lì 0.15 mọ́ orí bátìrì. Mo lè lẹ kápúsù yẹn yíká ní ojú ẹyọ ẹyọ, kí ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì dí àlàfo rẹ̀. Ó ti tán.

Ará_Jámánì

Oníbátìrì, mo fẹ́ràn apá kìíní ọ̀rọ̀ yín. Bí ojú ẹyọ ẹyọ yẹn bá ti gba ẹrù, lẹ́ẹ̀dì ò ní iṣẹ́ mìíràn ju dídí lọ. Ó dára ju lẹ́ẹ̀dì nìkan lọ, torí lẹ́ẹ̀dì máa ń rọra sún lábẹ́ ẹrù, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ọwọ́ aago ò ní padà sí òdo mọ́. Ẹ lo èyí tó jẹ́ tíìnì àti fàdákà, tó ń yọ́ ní 221°C, ó le ju èyí tó ní òjé tó ń yọ́ ní 183°C lọ.

Apá kejì ló ń bà mí lẹ́rù. Síténléèsì kì í gba lẹ́ẹ̀dì láìsí ásíìdì, ásíìdì yẹn á sì sá pamọ́ sáàárín awẹ́ méjèèjì níbi tí omi ìfọ̀ kò lè dé. Síténléèsì tó nípọn 0.1 ni, kò ní pẹ́ kó tó jẹ ẹ́ lu. Ọ̀nà yìí bá kápúsù oníbíróńsì mu ju ti síténléèsì lọ.

Bí ẹ bá rí kápúsù tí wọ́n fi bàbà oníbẹ̀rílíọ̀mù ṣe, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má sì jó o. Eruku àti èéfín bẹ̀rílíọ̀mù ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn rẹ̀ kò sì ní ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì_Iléṣà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè. Ẹ̀rọ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí la fi ń mọ aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru. Bó bá fi 10 dín, a lè ní kí ẹni tó yẹ kó wà ní ọsibítù máa lọ sílé. Nítorí náà, ẹ má dá ẹ̀rọ kankan padà fún wa láìtíì fi wé èyí tó dájú.

Ìlànà ISO 81060-1 ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ ṣì ju 3 mmHg (ìwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú gbogbo ẹ̀rọ náà kò sì gbọdọ̀ jò ju 4 mmHg lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wò ó láti 0 dé 300 ní 50, 50, kí ẹ sì wò ó nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti rí èyí tó pé nígbà tó ń gòkè tó sì ṣì nígbà tó ń bọ̀. Nígbà tó ń bọ̀ la sì máa ń kà á!

Nǹkan mìíràn: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń sọ pé ó ń jò, rọ́bà rẹ̀ ló là tàbí fáàfù ló dọ̀tí. Ẹ di rọ́bà rẹ̀ pa mọ́ ìdí aago kí ẹ tó tú kápúsù.

Wẹ́dà_Iléṣà

Mo ti gbọ́. Lórí 0.1, mo gbà fún lésà. Ṣùgbọ́n fún bẹ́ló (páìpù irin olórùka òrùka tó ń nà tó ń súnkì) tó nípọn tó 0.3 sókè, ẹ má tíì lé oní-ágọ́ọ̀nù lọ o, a lè ṣe é pẹ̀lú bàbà lẹ́yìn rẹ̀.

Ará_Jámánì

Òótọ́ ni. 0.3 ṣeé ṣe.

Atúngéèjì_Lágeré

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ìyá_Láàbù, ẹ là mí lójú mà. Ti ẹ̀rọ ìfúnpá, màá gbé irin mi àti mọ́ọ̀dì lọ bá Alágbẹ̀dẹ_Wúrà ní Iléṣà. Mi ò ní dá ọ̀kan padà fún nọ́ọ̀sì láìwọ̀n ọ́n lọ sókè, lọ sísàlẹ̀.

Ti bàròmítà, mo ṣì fẹ́ kí wọ́n fi ìtànṣán jó o. Ẹ̀gbọ́n Ará_Jámánì, bí mo bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń gbà á ṣe fún ará ìta, kí ni kí n fi ránṣẹ́? Ṣé awẹ́ tí mo tẹ̀ fún ẹ̀rọ ìfúnpá náà ni mo lè lò?

Ará_Jámánì

Rárá, àbúrò, ẹ má lo èyí yẹn. Ẹ wo ẹrù tó máa gbé. Bí kápúsù bá fẹ̀ tó mìlímítà 40, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, afẹ́fẹ́ Ilé-Ifẹ̀ á máa tẹ ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹrù tó tó nǹkan bí kílò 12 àbọ̀, tọ̀sán tòru. Awẹ́ ẹ̀rọ ìfúnpá ń gba nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìyẹn ní 300 mmHg, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, láti inú wá síta. Nínú bàròmítà, á tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú méjèèjì á fẹnu ko ara wọn. Ẹ tú bàròmítà yẹn wò, ẹ ó rí sípíríìnì tó ń fa kápúsù síta. Sípíríìnì yẹn ló ń gbé púpọ̀ nínú ẹrù náà, ẹ má sọ ọ́ nù.

316L náà máa jó dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe sípíríìnì tó dára. Líle rẹ̀ máa ń yí padà bí ooru bá ń yí padà, bàròmítà á wá máa ka oòrùn mọ́ afẹ́fẹ́. Irin oníníkẹ́lì tí wọ́n ń pè ní Ni-Span-C ni wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, líle rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní i nílẹ̀, kí wọ́n sì sọ bí a ṣe máa fi ooru tọ́jú rẹ̀, torí òun náà ló ń fún un ní ìwà yẹn.

Nínú ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́, àwòrán tó ní ìwọ̀n ni àkọ́kọ́: fífẹ̀, nínípọn, gíga òrùka, àti bí etí ṣe yọ tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi awẹ́ tó pọ̀ ju èyí tí ẹ nílò lọ sí i, torí wọ́n gbọ́dọ̀ ba díẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tó mọ iye iná tó bá a mu. Ẹ má fi síṣọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹṣì àti dáì gé e, kó má baà ní ìyọrí tí kò ní jẹ́ kó sùn mọ́ra. Ẹ sọ fún wọn pé òfìfo lẹ fẹ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n lè fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí pọ́ńpù bá ń fà, kí wọ́n sì fà á díẹ̀díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há sáàárín, awẹ́ á wú, òrùka rẹ̀ á nà, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Ẹ béèrè ìwé ìdánwò hílíọ̀mù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bó bá ti dé, ẹ má tíì fi òdo sí i. Ẹ gbé e gba ìfúnpá lọ síwá-sẹ́yìn léraléra, kí ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ tún wò ó. Ìgbà tí kò bá yí ipò padà mọ́ ni kí ẹ fi wé bàròmítà tó dájú.

Tọ́nà_Iléṣà

Èmi ni mo gbẹ́ mọ́ọ̀dì fún Atúngéèjì. Mo ní ọ̀pá bàbà pupa tó fẹ̀ tó láti fi ṣe òrùka ìhámọ́ra fún lésà náà. Màá lọ̀ ojú rẹ̀ lórí dígí títí kò fi ní sí àlàfo. Alágbẹ̀dẹ_Wúrà, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí etí irin yọ síta tó, kí orí lésà yín sì tún rí àyè yí i?

Alágbẹ̀dẹ_Wúrà

Ọ̀gá tọ́nà, ẹ jẹ́ kó yọ ní 0.2 sí 0.3 mìlímítà, kí ẹ sì dá ẹ̀gbẹ́ òrùka bàbà náà sí dídàgẹ̀rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà lu ú. Ẹ fi ihò sí àárín rẹ̀ kí n lè gbé e lé orí tábìlì tó ń yí. Ẹ mú awẹ́ tí ẹ ò ní lò wá pẹ̀lú, àwọn ni màá kọ́kọ́ jó.